Power BI: kí ló dé tí páálí 23 fi ń di 46?

Akọ̀wé Ìta-Olókan

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Wọ́n ní abèèrè kì í ṣìnà, ìdí nìyẹn tí mo fi gbé ọ̀rọ̀ yìí wá.

Akọ̀wé ìṣirò ni mí ní ilé ìtajà kan ní Òṣogbo tó ń ta ọjà ní páálí páálí fún àwọn alátùntà: mílíìkì, ṣúgà, índómì, ọṣẹ, tòmátò inú agolo. Ẹ̀ka mẹ́ta la ní, Òṣogbo, Ìkìrun àti Ẹdẹ. Àlàájà tó ni iṣẹ́ náà ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Ìwé gbọọrọ kan tí wọ́n fi bírò pupa fa ìlà sí ni wọ́n fi ń ṣírò ohun gbogbo, kò sì sẹ́ni tó lè fi kọ́bọ̀ kan rẹ́ wọn jẹ nínú ìwé náà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025 ni wọ́n ra láàpútọ́ọ̀pù kan fún mi pé kí n máa fi ẹ̀rọ ṣe é, kí àwọn lè máa rí ẹ̀ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lójú kan.

Láti oṣù Kẹrin ni mo ti ń kọ́ Power BI, ètò orí kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń sọ tábìlì di ìjábọ̀ àti àwòrán, fúnra mi, lálaalẹ́ tí iná bá ti wà. Mo ti mọ bí wọ́n ṣe ń gbé fáìlì wọlé, mo mọ bí wọ́n ṣe ń ya àwòrán. Ìṣirò gan-an ni kò gún.

Tábìlì méjì ni mo ní, oṣù Kìíní sí oṣù Kẹfà 2025. Mo pe ọ̀kan ní Tita: ọjọ́, ẹ̀ka, nọ́ńbà rìsíìtì, orúkọ ọjà, iye páálí, owó páálí kan. Mo pe èkejì ní Wole: ọjọ́, ẹ̀ka, orúkọ ọjà, iye páálí tí ọkọ̀ já sílẹ̀. Mo fi Merge Queries pa wọ́n pọ̀ pẹ̀lú orúkọ ọjà àti ẹ̀ka, kí n lè rí ohun tó wọlé àti ohun tó jáde nínú tábìlì kan.

Iye tó jáde kò bá ti inú ìwé Àlàájà mu rárá. Mo wá yọ díẹ̀ sọ́tọ̀ láti fi dán an wò: mílíìkì, ẹ̀ka Ìkìrun, rìsíìtì mẹ́ta péré, páálí 10, páálí 5, páálí 8. Ọkọ̀ já ọjà lẹ́ẹ̀mejì, 30 àti 20. Ọmọ kékeré mọ̀ pé 23 la tà, pé 50 ló wọlé. Power BI ní a ta 46, ó ní 150 ló wọlé. Mo kọ́kọ́ rò pé gbogbo rẹ̀ ló ń di ìlọ́po méjì, mo ti fẹ́ máa pín in sí méjì kí n tó rí i pé ti ọkọ̀ di ìlọ́po mẹ́ta.

Nígbà tí mo pa Merge rẹ́ tí mo fi tábìlì méjèèjì sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tí mo fa orúkọ ẹ̀ka láti inú Tita, iye ọjà tó wọlé wá jẹ́ ọ̀kan náà ní Òṣogbo, ní Ìkìrun, ní Ẹdẹ.

Èyí tó wá dẹ́rù bà mí jù ni pé àwòrán oṣooṣù fi hàn pé a tajà ní oṣù Kejìlá 2025. Oṣù Keje la ṣẹ̀ṣẹ̀ wà yìí! Mo sì rántí pé nígbà tí mo ń gbé fáìlì wọlé, àwọn ìlà kan ń kọ Error, mo tẹ Remove Errors, wọ́n sì lọ.

Àlàájà wo ojú láàpútọ́ọ̀pù, wọ́n wo ìwé wọn, wọ́n ní, "Ìwé mi ò parọ́ fún mi rí. Ẹ̀rọ yìí ń parọ́." Ọ̀rọ̀ náà dùn mí dé egungun, torí mo mọ̀ pé kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, níbo ni mo ti ṣì í?

Ìyá Ìbejì, Bódìjà

Àbúrò mi, o ṣeun tó o yọ rìsíìtì mẹ́ta sọ́tọ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tó ti ń ṣe iṣẹ́ yìí fún ọdún márùn-ún kì í ṣe bẹ́ẹ̀, àwòrán aláwọ̀ mèremère ni wọ́n máa ń tún yà.

Ohun tó ṣe ọ́ yìí ti ṣe èmi náà rí ní ọdún 2019. Ibi ìkó-oògùn-sí ni mò ń bójú tó ìṣirò rẹ̀ nígbà náà. Mo gbé ìjábọ̀ síwájú àwọn ọ̀gá mi, iye abẹ́rẹ́ tí ìjábọ̀ mi ní a rà fi ìlọ́po mẹ́rin ju èyí tó wọlé lọ. Apòògùn kan tó jókòó sẹ́yìn ló ní kí n ka ìwé ìràjà ọjọ́ kan ṣoṣo sókè kí gbogbo wa gbọ́. Kí n tó kà á dé ìdajì, ara mi ti tutù. Láti ọjọ́ náà, n kì í fa nǹkan kan sórí ojú ìjábọ̀ láì kọ́kọ́ mú bébà, kí n kọ ọ́ sílẹ̀ ní gbólóhùn kan fún tábìlì kọ̀ọ̀kan: ìlà kan níbí, kí ló dúró fún?

Jẹ́ ká ṣe é fún tìrẹ. Nínú Tita, ìlà kan ni ọjà kan lórí rìsíìtì kan. Nínú Wole, ìlà kan ni ọjà kan tí ọkọ̀ já sí ẹ̀ka kan lọ́jọ́ kan. Rìsíìtì ò mọ ọkọ̀. Kò sí ẹni tó lè sọ pé páálí 10 tí oníbàárà gbé lọ yẹn, inú ọkọ̀ àkọ́kọ́ ló ti wá tàbí inú ìkejì. Ìwọ ló wá ní kí Merge so wọ́n pọ̀ tipátipá, ohun tó sì lè ṣe náà ló ṣe. Rìsíìtì 10 pàdé ọkọ̀ 30, ó tún pàdé ọkọ̀ 20. Ti 5 pàdé àwọn méjèèjì. Ti 8 náà bẹ́ẹ̀. Ìlà mẹ́fà. Rìsíìtì kọ̀ọ̀kan wá dáhùn orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, 23 di 46. Ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan dáhùn lẹ́ẹ̀mẹ́ta, 50 di 150. Ṣí tábìlì tí Merge fún ọ wò nínú Power Query, apá Power BI tí a ti ń tún fáìlì ṣe kó tó wọlé, wàá fojú ara rẹ rí àwọn ìlà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà.

Èyí tó jẹ́ iye kan náà ní ẹ̀ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, òdìkejì rẹ̀ nìyẹn. Kò sí okùn kankan (ohun tí Power BI ń pè ní relationship) láàárín tábìlì méjèèjì mọ́, nítorí náà nígbà tó o mú "Ìkìrun" nínú Tita, Wole ò gbọ́. Ó kó gbogbo ohun tó ní jáde lẹ́ẹ̀kan, ó sì ń tún un kó jáde ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Bó o bá ti rí iye kan náà tó to ara rẹ̀ láti òkè dé ilẹ̀, okùn ló já, tàbí kò tilẹ̀ sí.

Ohun tí o máa ṣe nìyí. Ṣé o mọ bí Ọjà Ọba ṣe wà ní Òṣogbo níbẹ̀? Ará agbolé kan kì í gba inú yàrá ará agbolé kejì kọjá kó tó rí i. Ọjà ni wọ́n ti ń pàdé. Tita àti Wole ò gbọ́dọ̀ wọ yàrá ara wọn. Ṣẹ̀dá tábìlì kékeré mẹ́ta tí wọ́n á ti máa pàdé. Àkọ́kọ́, Oja: ọjà kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan péré, pẹ̀lú irú rẹ̀, bóyá ọṣẹ ni tàbí ohun jíjẹ. Èkejì, Eka: ìlà mẹ́ta, ó tán. Ẹ̀kẹta, Kalenda: ọjọ́ kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan, láì fo ọjọ́ kankan, títí kan ọjọ́ Àìkú tí ẹ kì í ṣí ìsọ̀. Kalenda yìí rọrùn. Tẹ New table, kó o kọ

Kalenda = CALENDAR(DATE(2025,1,1), DATE(2025,12,31))

Lẹ́yìn náà, yí orúkọ column tó bá gbé jáde padà sí Ojo, kó o sì tẹ Mark as date table. Wá fa okùn láti Oja sí Tita, láti Oja sí Wole. Kó o ṣe bẹ́ẹ̀ fún Eka, kó o ṣe bẹ́ẹ̀ fún Kalenda. Okùn mẹ́fà lápapọ̀. Ní ẹ̀gbẹ́ tábìlì kékeré, wàá rí 1. Ní ẹ̀gbẹ́ Tita àti Wole, wàá rí àmì ìràwọ̀ kékeré kan. Láti ìsinsìnyí lọ, bó o bá fẹ́ fa orúkọ ẹ̀ka tàbí orúkọ ọjà tàbí oṣù sórí ìjábọ̀, inú àwọn tábìlì kékeré yìí ni kó o ti fà á. Mo tilẹ̀ máa ń fi orúkọ wọn tó wà nínú Tita àti Wole pamọ́ pẹ̀lú Hide, kí ọwọ́ mi má baà ṣì lọ síbẹ̀.

Ìràwọ̀ ni wọ́n ń pe irú ètò yìí, star schema, torí bó ṣe máa ń rí tí o bá tẹ́ ẹ sílẹ̀. Ralph Kimball ará Amẹ́ríkà ló kọ́ ayé bí wọ́n ṣe ń lò ó láti àárín àwọn ọdún 1990, nígbà tí kò tí ì sí Power BI rárá. Ọdún 2015 ni Power BI Desktop tí ò ń lò yìí jáde. Ìyẹn ni mo ṣe ń sọ fún àwọn tó ń kọ́ ọ lọ́dọ̀ mi pé kí wọ́n fi ọ̀sẹ̀ méjì kọ́kọ́ kọ́ bí a ṣe ń to tábìlì, kí wọ́n tó kọ́ DAX, èdè tí a fi ń kọ ìṣirò nínú Power BI. Tí tábìlì bá tò dáadáa, ìwọ̀nba DAX díẹ̀ ló máa kù:

Paali_Tita = SUM(Tita[Paali])
Owo_Tita = SUMX(Tita, Tita[Paali] * Tita[OwoPaali])
Paali_Wole = SUM(Wole[Paali])

Ẹnì kan lè sọ fún ọ pé kó o yí ojú okùn sí Both kí nǹkan lè yá. Má ṣe é. Ọ̀nà kan ni kí àṣẹ máa gbà, láti tábìlì kékeré lọ sí ńlá. Mo ti lo odindi ọjọ́ Ẹtì kan rí tí mò ń wá ibi tí iye kan ti ń ṣàn wọlé nítorí Both kan tí ẹni tó ṣáájú mi fi sílẹ̀.

Tó o bá parí, mú ọjọ́ kan nínú ìwé Àlàájà, ọjọ́ kan péré, kó o fi bírò rò ó, kó o fi wé ti ẹ̀rọ. Àtẹ́lẹwọ́ ẹni kì í tan ni jẹ.

Ọmọ Ẹdẹ ní Manchester

Ẹ kú iṣẹ́ o, ará ilé. Ẹ̀gbọ́n ti ṣe gbogbo ti okùn, n ò ní tún un sọ. Ti oṣù Kejìlá ni mo fẹ́ dá sí, torí ó lè ju ti páálí lọ.

Láàpútọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ ni, àbí? Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè búra pé ètò Amẹ́ríkà ló wà lórí rẹ̀. Àwa ń kọ ọjọ́ ṣáájú oṣù. Àwọn ń kọ oṣù ṣáájú ọjọ́. Ẹ̀ka Ìkìrun kọ 06/04/2025, ọjọ́ kẹfà oṣù Kẹrin. Ẹ̀rọ kà á sí ọjọ́ kẹrin oṣù Kẹfà. Ẹ̀ka Ẹdẹ kọ 12/06/2025. Ẹ̀rọ sọ ọ́ di ọjọ́ kẹfà oṣù Kejìlá. Nígbà tó wá kan 13/04/2025, ẹ̀rọ wá oṣù kẹtàlá, kò rí i, ó kọ Error. Ìlà tòótọ́, títà tòótọ́, owó Àlàájà ni. Remove Errors sì kó gbogbo rẹ̀ dànù.

Ẹ lè yẹ̀ ẹ́ wò báyìí. Ẹ wo oṣù Kejìlá inú ìjábọ̀ yín: ọjọ́ 1 sí ọjọ́ 6 nìkan lẹ máa rí níbẹ̀, kò sí ọjọ́ 7, torí oṣù mẹ́fà péré ni fáìlì yín. Ẹ tún ṣírò èyí: oṣù Kìíní sí oṣù Kẹfà 2025 jẹ́ ọjọ́ 181. Ọjọ́ 12 àkọ́kọ́ nínú oṣù kọ̀ọ̀kan nìkan ló yè, ìyẹn 72. Ọjọ́ 109 ló ti lọ! Nínú àwọn 72 tó yè náà, àwọn tí ọjọ́ àti oṣù wọn jẹ́ nọ́ńbà kan náà, bíi 4 oṣù Kẹrin, nìkan ló wà ní àyè wọn.

Bẹ́ ẹ ṣe máa tún un ṣe: ẹ ṣí Power Query, ẹ wo Applied Steps lápá ọ̀tún. Ẹ pa Removed Errors rẹ́. Ẹ pa Changed Type tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe rẹ́ pẹ̀lú. Ẹ wá tẹ bọ́tìnì ọ̀tún lórí column ọjọ́, Change Type, Using Locale, kẹ́ ẹ mú Date àti English (United Kingdom). Ìlànà ọjọ́ ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò yàtọ̀ sí tiwa.

Ohun kan ṣoṣo ni mo bẹ̀ yín sí: tó bá jẹ́ CSV, fáìlì ọ̀rọ̀ lásán tí kọ́mà pín, làwọn ẹ̀ka ń fi ránṣẹ́, ẹ má ṣí i nínú Excel lórí láàpútọ́ọ̀pù yẹn kẹ́ ẹ tún wá tẹ Save. Excel náà lè yí bí wọ́n ṣe kọ àwọn ọjọ́ kan padà kí Power BI tó rí wọn, ó sì lè má kọ Error kankan tẹ́ ẹ máa fi mọ̀.

Akọ̀wé Ìta-Olókan

Ọlọ́run á san yín lẹ́san. Tòkunbọ̀ ni lóòótọ́! Mo bá a gan-an bẹ́ ẹ ṣe wí, oṣù Kejìlá, ọjọ́ 1 sí 6. Mo ti tún un ṣe, ọjọ́ 181 ti pé. Ẹ̀gbọ́n, mo ti ṣe Oja àti Kalenda, mo mú ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Kẹta, mo fi bírò rò ó, iye náà bá ìwé Àlàájà mu dé orí páálí kan. Mo kígbe lálẹ́ àná, àwọn tí a jọ ń gbé nílé rò pé nǹkan ṣẹlẹ̀ sí mi ni.

Nǹkan méjì ló kù. Okùn Eka kọ̀ láti jẹ́ 1. Ìràwọ̀ ló ń fi sí ìhà méjèèjì, bẹ́ẹ̀ mo ti tẹ Remove Duplicates. Èkejì, mo kọ measure kan, ìyẹn ìṣirò DAX bíi ti Paali_Tita, fún ọjà tó kù nílẹ̀, Paali_Wole yọ Paali_Tita kúrò. Ní oṣù Karùn-ún, ó ní páálí ṣúgà tó kù ní Ẹdẹ jẹ́ -12. Mo pe Ẹdẹ lórí fóònù, wọ́n ní ṣúgà wà nílẹ̀ nígbà náà dáadáa.

Ìyá Ìbejì, Bódìjà

Àbúrò mi, inú mi dùn dọ́ba. Ọjọ́ kan tó bá ìwé mu yẹn, tọ́jú bébà rẹ̀.

Ti Eka: lọ wo bí àwọn ènìyàn yín ṣe ń kọ orúkọ. Ó dá mi lójú pé ẹnì kan ń kọ IKIRUN, ẹnì kan ń kọ Ikirun. Lójú Power Query, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ làwọn méjèèjì, nítorí náà Remove Duplicates fi méjèèjì sílẹ̀. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti wọ inú model, ibi tí àwọn tábìlì àti okùn wọn wà, ọ̀kan náà ni wọ́n, ẹ̀rọ á wá rí orúkọ kan lẹ́ẹ̀mejì. Lo Trim kí àyè òfìfo ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ lè lọ, lo Capitalize Each Word, kó o tó wá tẹ Remove Duplicates, kó o sì ṣe bákan náà nínú Tita àti Wole.

Tẹ́ ẹ bá sì ń fi àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀ kọ orúkọ, èyí tó tọ́ tó sì yẹ, ẹ ṣọ́ra ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́tà Ọ lè jẹ́ ẹyọ kan odindi lórí kíbọ́ọ̀dù ẹnì kan, kó jẹ́ o pẹ̀lú àmì ìsàlẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ lé e lórí ti ẹlòmíràn. Lójú èèyàn, ọ̀kan ni. Lójú Power Query, wọn kì í ṣe ọ̀kan. Òṣogbo méjì lè wà nínú fáìlì rẹ tí o kò ní fi ojú mọ̀ yàtọ̀ láé. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń fún ẹ̀ka ní nọ́ńbà, 01, 02, 03, òun ni mo fi ń so okùn. Orúkọ tó ní àmì tó pé, inú Eka nìkan ló ń gbé, ibẹ̀ ni Àlàájà á ti rí i.

Ti ṣúgà: measure rẹ sọ òtítọ́ nípa oṣù Karùn-ún nìkan. Nínú oṣù yẹn, ohun tí wọ́n tà fi páálí 12 ju ohun tó wọlé lọ. Ṣúgà tí wọ́n ń tà ti wà nílẹ̀ láti oṣù Kẹrin. Ọjà tó kù nílẹ̀ kò mọ oṣù. Ó ń kó ara rẹ̀ jọ láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Kọ ọ́ báyìí:

Ku_Nile = CALCULATE([Paali_Wole] - [Paali_Tita], FILTER(ALL(Kalenda), Kalenda[Ojo] <= MAX(Kalenda[Ojo])))

Ìyẹn ni pé kó ka gbogbo ọjọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé ọjọ́ ìkẹyìn oṣù tó o mú. Má gbàgbé ohun tó ti wà ní sítọ́ọ̀ kí ọdún tó bẹ̀rẹ̀. Béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ Àlàájà, ó dájú pé ó wà nínú ìwé wọn, kó o fi sínú Wole bí ẹni pé ọkọ̀ já a sílẹ̀ ní 01/01/2025.

Ọmọ Ẹdẹ ní Manchester

Kẹ́ ẹ tó fi ránṣẹ́ sí Àlàájà: ẹ lè rí bọ́tìnì kan tó ń jẹ́ Publish to web lọ́jọ́ iwájú. Ẹ má tẹ̀ ẹ́. Ẹnikẹ́ni lágbàáyé tó bá rí líǹkì náà á rí iye tí Àlàájà ń tà. Ẹ lo File, Export to PDF, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí wọn lórí WhatsApp.

Akọ̀wé Ìta-Olókan

PDF náà ni mo fi ránṣẹ́ láàárọ̀ yìí. Mo fi orúkọ oṣù wa sí i, Ṣẹ́rẹ́, Èrèlé, Ẹrẹ́nà, torí bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ sínú ìwé wọn nìyẹn. Níbẹ̀rẹ̀, Ṣẹ́rẹ́ lọ jókòó sí ìparí, ẹ̀rọ ń tò wọ́n bí lẹ́tà. Mo fi nọ́ńbà oṣù kún Kalenda, mo lo Sort by Column, wọ́n sì tò.

Àlàájà pè mí sínú yàrá wọn lẹ́yìn ìrun Ọ̀sán. Wọ́n ti ṣí ìwé wọn sí ojú ewé Òkúdù, wọ́n fi ìka wọn tẹ̀ lé e láti ìlà dé ìlà, wọ́n ń wo fóònù, wọ́n ń wo ìwé. Wọn ò sọ nǹkan kan fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Nígbà tí wọ́n dé orí ọṣẹ ní Ìkìrun, wọ́n dúró. Ẹ̀rọ ní páálí 64 ló kù, ìwé wọn ní 46. Wọ́n mú gíláàsì wọn, wọ́n wo ìwé náà lẹ́ẹ̀kan sí i, wọ́n ka àwọn rìsíìtì. Wọ́n mú bírò pupa, wọ́n fagi lé 46, wọ́n kọ 64 sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.